Ìdíyelé Ilé àti Owó-Orí Ilé Nínú Ìtàn: Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, California àti Èkó

1. Ìfáàrà

Níbi gbogbo tí ìjọba ìlú ti ń gba owó-orí lórí ilé ni àríyànjiyàn ti máa ń wà lórí rẹ̀. Bí a bá ń sọ ìtàn irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀, ohun tí ó sábà máa ń wá sí wa lọ́kàn ni pé owó tí ìjọba bèèrè ti pọ̀ jù, pé ara àwọn ènìyàn kò gbà á mọ́, wọ́n sì dìde. Ohun tí a fẹ́ sọ nínú bébà yìí yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí. Èrò wa ni pé nínú àwọn ìjà tí ó le jù lọ lórí owó-orí ilé, ìdíyelé ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀, pàápàá ìdíyelé tí a fi sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìtún un ṣe, tí a wá tún ṣe lójijì. Iye owó tí ó hàn nínú ìwé ìsanwó jẹ́ ẹ̀ka. Orí ẹ̀ka ni a ti ń rí èso, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni igi ti hù.

A óò yẹ ibi mẹ́ta wò. Èkíní ni Ìlú Ọba, èyí ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú Scotland, nítorí láti ibẹ̀ ni òfin ìdíyelé tí ó dé Èkó ti ṣẹ̀ wá. Èkejì ni California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. California kò ní ohun tí ó so ó pọ̀ mọ́ Èkó nípa òfin, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ onílé níbi gbogbo máa ń tọrọ, pé kí ìjọba má ṣe fọwọ́ kan ìdíyelé ilé àwọn mọ́, California ṣe é ní 1978, a sì lè rí àbájáde rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni Èkó fúnra rẹ̀, láti orí owó omi títí dé àtúnṣe òfin ọdún 2020.

2. Ìdíyelé àti ìdá

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ la ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ méjì tí a óò máa lò. Ìdíyelé ni iye tí a kà sí ilé lórí: ó lè jẹ́ owó tí ilé náà yóò mú wá ní ọdún kan bí a bá fi rẹ́ǹtì, ó sì lè jẹ́ owó tí a lè tà á. Ìdá ni iye tí ìjọba ń gbà lórí pọ́n-ùn tàbí náírà kọ̀ọ̀kan nínú ìdíyelé náà. Bí a bá sọ ìdíyelé di púpọ̀ ní ọ̀nà ìdá, ohun tí ó jáde ni owó-orí. Bí ìdíyelé ilé kan bá jẹ́ 100 pọ́n-ùn, tí ìdá sì jẹ́ ṣílè 2 lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan, owó-orí ilé náà jẹ́ 10 pọ́n-ùn.

Ọ̀nà méjì ni ìjọba lè gbà mú ìdá. Ní ọ̀nà kìíní, ìgbìmọ̀ ìlú a kọ́kọ́ ṣírò owó tí ó nílò fún ọdún náà, a sì pín in ká orí àpapọ̀ ìdíyelé gbogbo ilé ìlú. Bí owó tí ìlú nílò bá jẹ́ 10,000 pọ́n-ùn, tí àpapọ̀ ìdíyelé sì jẹ́ 100,000, ìdá yóò jẹ́ ṣílè 2. Bí ìdíyelé gbogbo ilé bá di ìlọ́po méjì, tí ohun tí ìlú nílò kò sì yí padà, ìdá yóò wálẹ̀ sí ṣílè 1, oníkálùkù yóò sì san iye tí ó ń san tẹ́lẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ yóò lọ sókè ni ẹni tí iye ilé rẹ̀ ga ju ti àwọn yòókù lọ. Nínú ètò báyìí, ìdíyelé kì í pinnu bí ẹrù ti wúwo tó. Bí a óò ti pín ẹrù náà ni ó ń pinnu.

Ní ọ̀nà kejì, òfin ni ó ti fi ìdá lélẹ̀. Bí ìdíyelé bá di ìlọ́po méjì, owó-orí náà di ìlọ́po méjì, àfi bí ẹnìkan bá mọ̀ọ́mọ̀ yí òfin padà. A bẹ òǹkàwé kí ó má gbàgbé ìyàtọ̀ yìí, nítorí a óò tún padà sí i nígbà tí a bá dé Èkó.

3. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland

Òfin tí a ṣe ní 1601, ní ìgbà Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, ni ó fún àwọn alábòójútó ní àdúgbò ìjọ kọ̀ọ̀kan ní àṣẹ láti gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ó ní ilẹ̀ àti ilé ní ìkáwọ́, kí wọ́n lè fi tọ́jú àwọn òtòṣì. Òfin náà kò sọ bí a óò ti díyelé ilé, nítorí náà àdúgbò kọ̀ọ̀kan ń ṣe tirẹ̀ bí ó ti wù ú. Ní 1836 ni òfin mìíràn wá fi ìwọ̀n kan lélẹ̀: iye ilé ni owó tí a lè retí pé ayálégbé yóò san fún un láti ọdún dé ọdún, lẹ́yìn tí a bá ti yọ owó àtúnṣe àti irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ kúrò.

Ẹ jẹ́ kí á ṣàkíyèsí ayálégbé yìí dáadáa. Kò pọn dandan kí ó wà láyé. Ẹni tí ó ń gbé inú ilé ara rẹ̀, tí kò gba rẹ́ǹtì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí, adíyelé yóò ṣe bí ẹni pé ó fi ilé náà fún àlejò kan. Ayálégbé àfinúrò ni, òun ni òfin sì fi ń wọn gbogbo ilé. Òun náà ni ó bá ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọkọ̀ wá sí Èkó lẹ́yìn náà.

Ní 1925 òfin gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ àwọn alábòójútó àdúgbò ìjọ, ó fi í fún àwọn ìgbìmọ̀ ìlú, ó sì pàṣẹ pé kí a máa tún ìdíyelé ṣe ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Àṣẹ náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Lẹ́yìn ìdíyelé ọdún 1934, ogun dé, a kò sì tún un ṣe mọ́ títí di 1956. Lẹ́yìn náà a tún un ṣe ní 1963 àti ní 1973. Láti 1973, a kò tún tún ìdíyelé ilé gbígbé ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales títí tí owó-orí náà fi parẹ́. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ìjọba tí ó bá tún ìdíyelé ṣe ni yóò gba èébú; èyí tí ó bá sún un síwájú kò ní gbọ́ ohunkóhun.

Òfin Scotland yàtọ̀. Níbẹ̀, a ṣe àtúnṣe ní 1978, a sì tún un ṣe ní 1985. Ti 1985 yìí fi hàn pé iye ilé gbígbé ti ga sókè ju iye ilé iṣẹ́ lọ. Gẹ́gẹ́ bí a ti ṣàlàyé ní ìsọ̀rí kejì, ẹrù yóò ṣí láti orí ẹni kan sí orí ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó sì rí: ó ṣí kúrò lórí ilé iṣẹ́ bọ́ sórí àwọn onílé. Inú bí wọn gidigidi, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ Conservative tí ó wà lórí ìjọba. Dípò kí ìjọba Margaret Thatcher wá ọ̀nà tí àtúnṣe yóò fi máa dé díẹ̀díẹ̀, ó pinnu láti pa owó-orí ilé gbígbé rẹ́ pátápátá. Ó fi owó-orí ẹni kọ̀ọ̀kan rọ́pò rẹ̀, ní Scotland ní 1989, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales ní 1990. Lábẹ́ owó tuntun yìí, iye kan náà ni gbogbo àgbàlagbà àdúgbò kan yóò san, ìbáà ṣe olówó inú ààfin tàbí òṣìṣẹ́ inú yàrá kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a dín in kù fún àwọn tí owó wọn kéré. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 1990, ìwọ́de tí a ṣe lòdì sí i ní London di rògbòdìyàn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà Thatcher fi ipò sílẹ̀. Owó-orí yìí kì í ṣe ìdí kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn ìdí pàtàkì.

Owó-orí tí ó rọ́pò rẹ̀ ní 1993 tún padà sórí ilé. A pín ilé sí ìsọ̀rí mẹ́jọ, láti A dé H, gẹ́gẹ́ bí iye tí a lè ta ilé kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin 1991. Ilé tí iye rẹ̀ kò ju 40,000 pọ́n-ùn lọ wà ní A, èyí tí ó ju 320,000 lọ wà ní H. Iye ilé H ju ìlọ́po mẹ́jọ ti A lọ, ṣùgbọ́n ìlọ́po mẹ́ta péré ni owó tí ó ń san. Wales tún ìdíyelé rẹ̀ ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 2005. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tíì ṣe é. Ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ níbẹ̀ ní ọdún yìí, adíyelé ní láti bi ara rẹ̀ léèrè iye tí à bá tà á ní 1991, nígbà tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò tíì sí lórí ilẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ korò. Scotland tí ó ń tún ìdíyelé ṣe ni iná jó. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó fi tirẹ̀ sílẹ̀ kò rí nǹkan kan. Ohun tí àwọn olóṣèlú sì rí kọ́ ni pé kí á má fọwọ́ kan ìdíyelé. Ṣùgbọ́n ìdíyelé tí a kò fọwọ́ kàn kò wà ní ipò kan. Bí iye ilé àdúgbò kan ti ń ga sókè, tí ti òmíràn ń dúró, ẹni tí ilé rẹ̀ kò níyelórí mọ́ ni ó ń bá ọlọ́rọ̀ ru ẹrù, láìsí ẹni tí ó dìbò pé kí ó rí bẹ́ẹ̀.

4. California

Bí ìdíyelé ṣe sùn nítorí ìbẹ̀rù àwọn olóṣèlú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní California àwọn ará ìlú fúnra wọn ni wọ́n fi ìbò dè é mọ́lẹ̀. Adíyelé tí a dìbò yàn ni ó wà ní àgbègbè ìjọba kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Òfin sọ pé kí a fi ìwọ̀n kan náà díyelé gbogbo ilé, ṣùgbọ́n ìṣe àwọn adíyelé kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń kà iye tí ó kéré sí ilé gbígbé lórí, wọ́n sì ń kà iye tí ó ga jù ú lọ sí ilé iṣẹ́. Ojúrere tí a kò kọ sínú ìwé ni èyí. Onílé tí ń jẹ àǹfààní rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń jẹ ẹ́. Láàárín 1965 sí 1966, àṣírí tú ní San Francisco pé adíyelé ìlú náà ń gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kí ó lè dín ìdíyelé àwọn ilé iṣẹ́ kan kù. Àwọn aṣòfin ṣe òfin ní 1966 pé láti ìsinsìnyí lọ, ìdá 25 nínú 100 iye tí a lè ta ohun-ìní kọ̀ọ̀kan ni kí a fi ṣe ìdíyelé rẹ̀, láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Òfin òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojúrere tí ó ti ń dáàbò bo àwọn onílé bá èrú lọ. Nígbà tí iye ilé wá fò sókè láàárín 1970 sí 1978, ìdíyelé tẹ̀lé e ní kíákíá, àwọn ìgbìmọ̀ ìlú kò sì dín ìdá kù tó bí ó ti yẹ. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà 1978, nǹkan bí ìdá 65 nínú 100 àwọn tí ó dìbò fọwọ́ sí àbá tí Howard Jarvis àti Paul Gann gbé kalẹ̀, tí a mọ̀ sí Proposition 13. Àbá náà sọ pé ìdá kò gbọdọ̀ ju 1 nínú 100 lọ. Kí ìdíyelé padà sí ti 1975. Kí ó má lè fi ju ìdá 2 nínú 100 lọ sókè ní ọdún kan. Àti pé ọjọ́ tí a bá ta ilé nìkan ni a óò tún díyelé e ní iye ọjà. Owó tí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ń rí lórí ilé fi ju ìdajì lọ dínkù.

A kò gbọdọ̀ sẹ́ ohun rere tí ó wà nínú rẹ̀. Arúgbó tí ó ti fẹ̀yìntì kò bẹ̀rù mọ́ pé iye tí àjèjì ń ra ilé aládùúgbò òun yóò lé òun jáde. Ṣùgbọ́n ẹ wo òdìkejì rẹ̀. Obìnrin kan ra ilé ní Los Angeles ní 1988 ní 170,000 dọ́là. Ó rí i pé owó-orí òun súnmọ́ ìlọ́po márùn-ún ti àwọn aládùúgbò òun kan tí ilé wọn dàbí tòun, nítorí pé wọ́n ti ra tiwọn ṣáájú kí 1975 tó dé. Ó pe ẹjọ́. Ní 1992, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà dá a pé òfin náà kò lòdì sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Láti ìgbà náà, a lè sọ pé ohun tí owó-orí ilé ń wọ̀n ní California kì í ṣe ilé mọ́, bí kò ṣe iye ọdún tí onílé ti lò nínú rẹ̀. Àwọn tí ẹrù náà sì wúwo lórí jù ni àwọn ọ̀dọ́ àti àlejò tí kò sí níbẹ̀ ní ọjọ́ ìbò.

5. Èkó

Nísinsìnyí a lè padà sílé. Ní ilẹ̀ Yorùbá, a mọ ìṣákọ́lẹ̀ kí ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó dé, ṣùgbọ́n ìṣákọ́lẹ̀ kì í ṣe owó tí a gbé ka orí iye ilẹ̀. Àmì ni, pé ẹni tí ń dáko mọ ẹni tí ó ni ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni agboolé kì í ṣe ọjà. A kì í ta ilé ẹbí, ẹni tí ó bá sì jẹ́ ọmọ ilé kì í san rẹ́ǹtì fún ìyá tàbí bàbá rẹ̀. Nígbà tí ayálégbé àfinúrò ti òfin Gẹ̀ẹ́sì wá dúró ní ẹnu ọ̀nà agboolé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ìbéèrè tí ó ń béèrè kò ní ìdáhùn nínú àṣà wa: èló ni à bá fi ilé yìí fún àlejò?

Inú èyí ni ó yẹ kí á ti wo ìjà owó omi. Ní 1908, nígbà tí Gómìnà Walter Egerton gbé ètò omi ẹ̀rọ kalẹ̀ fún Èkó, tí ó sì ní kí àwọn ará ìlú san owó rẹ̀, Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti tako ó. Ìjà náà tún gbóná ní 1916, nígbà tí omi láti Ìjù ti ń ṣàn, tí ìjọba sì fẹ́ gba owó. A sábà máa ń sọ pé àwọn ará Èkó ní àwọn ní kànga, pé àwọn Òyìnbó ni omi ẹ̀rọ wà fún. Òtítọ́ ni pé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á kíyè sí i pé owó omi náà kò tẹ̀lé iye garawa tí ènìyàn pọn. Ilé ni a gbé e kà. Lójú ẹni tí ń pọn omi kànga tirẹ̀, ohun tí ìjọba ń díyelé kì í ṣe omi, ilé bàbá rẹ̀ ni. Ìbẹ̀rù pé ẹni tí ó bá díyelé ilé lónìí lè gba ilé lọ́la kò sì jìnnà sí ọkàn wọn, ní àkókò tí ẹjọ́ ilẹ̀ pọ̀ láàárín ìjọba àti àwọn ìdílé Èkó.

Síbẹ̀ ètò náà dúró. Òfin ọdún 1917 sọ Èkó di ìlú onípò kìíní kan ṣoṣo ní Nàìjíríà, owó-orí ilé sì di ọ̀kan nínú àwọn òpó tí ìgbìmọ̀ ìlú náà dúró lé. Ìwé Òfin orílẹ̀-èdè ti 1979 àti ti 1999 fi iṣẹ́ ìdíyelé ilé àdáni lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ ni wọ́n ní kí ó fi owó tí a óò gbà lélẹ̀. Ìwé Òfin fúnra rẹ̀, nígbà náà, ya ìdíyelé sọ́tọ̀ kúrò lára ìdá, ó sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ní 2001, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tí ó kó oríṣi owó mẹ́ta tí onílé ń san pọ̀ sí ọ̀kan, tí a mọ̀ sí Land Use Charge. Òfin náà ní ìjọba ìbílẹ̀ ni olùgbowó, ṣùgbọ́n ó lè fi iṣẹ́ náà lé ìpínlẹ̀ lọ́wọ́. Òfin yìí lé ayálégbé àfinúrò lọ, ó fi iye ilẹ̀ àti ilé gan-an rọ́pò rẹ̀. A óò mú ìwọ̀n ilẹ̀, a óò sọ ọ́ di púpọ̀ ní ọ̀nà iye mítà onígun-mẹ́rin kan. A óò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ilé, gẹ́gẹ́ bí ó ti dára sí. A óò pa méjèèjì pọ̀, a óò sì fi ìdá tí òfin mú sọ wọ́n di púpọ̀. Òǹkàwé yóò rí i pé ọ̀nà kejì tí a ṣàlàyé níṣàájú ni èyí: òfin ni ó mú ìdá, kì í ṣe ohun tí ìlú nílò.

Ó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí a tó tún òfin náà yẹ̀ wò. Ní oṣù Kejì 2018, Gómìnà Akinwunmi Ambode fọwọ́ sí òfin tuntun. Ohun méjì ni òfin yìí yí padà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó yí ọ̀nà ìdíyelé padà kí ó lè bá iye ọjà mu, ó sì gbé ìdá sókè: ti ilé tí onílé ń gbé láti 0.0394 nínú 100 sí 0.076, ti ilé ìṣòwò láti 0.394 sí 0.76. Ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò, oníṣòwò àti onílé dìde. Ní oṣù Kẹta ọdún kan náà, ìjọba dín ìdá ilé ìṣòwò kù sí ìdajì, ó sì yọ ìdá 15 nínú 100 kúrò lára ti ilé tí onílé ń gbé. Gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, ilé ìṣòwò tí iye rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 75 náírà, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ìdá 40 nínú 100 tí òfin fi ṣe ìrànwọ́ kúrò, yóò san 342,000 náírà lábẹ́ òfin tuntun. Lẹ́yìn ẹ̀dínwó, ó di 171,000. Ilé gbígbé mílíọ̀nù 20 ń san 9,120. Ó di 7,752. Ní oṣù Kẹjọ 2020, ìjọba Gómìnà Babajide Sanwo-Olu dá ìdá padà sí bí ó ti wà kí 2018 tó dé, ṣùgbọ́n ó pa ọ̀nà ìdíyelé ti 2018 mọ́.

Ìpinnu ọdún 2020 yìí ni ó fi òtítọ́ bébà yìí hàn kedere jù lọ. Ohun méjì ni ó ń jẹ àwọn ará ìlú níyà ní 2018. Ọ̀kan ni a mú kúrò. Ọ̀pọ̀ ni ó sì yọ̀ bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ ti lọ, nítorí pé ìdá ni ó hàn sójú, ìdíyelé sì fara sin sínú ìwé ìṣirò. Níbi tí òfin ti mú ìdá, ọwọ́ ìdíyelé ni owó-orí ọjọ́ iwájú wà. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

6. Àgbálọgbábọ̀

Ohun mẹ́ta ni a rò pé ìtàn yìí fi hàn. Èkíní, ìdíyelé tí ó sùn kì í ṣe àánú. Ó ń ṣí ẹrù láti orí ẹni kan sí orí ẹlòmíràn ní ìdákẹ́jẹ́, bí ó sì ti pẹ́ tó ni ìjí rẹ̀ yóò ti le tó. Èkejì, òtítọ́ ìdíyelé nìkan kò tó. California ti 1966 àti Scotland ti 1985 ṣe ohun tí ó tọ́ ní ìwọ̀n, ìlú sì dojú kọ wọ́n, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn ènìyàn irú ojúrere tí wọ́n ti ń jẹ, a kò sì fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ìjọba tí ó bá yí ìdíyelé àti ìdá padà ní ọjọ́ kan náà ti gba ọ̀nà tí ará ìlú lè fi mọ ohun tí a ṣe fún un lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí a bá fẹ́ dáàbò bo ìyá arúgbó tí ó ń gbé agboolé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti di wúrà tí kò sì ní owó lọ́wọ́, ó sàn kí òfin dárúkọ rẹ̀, kí ó sì sọ ẹ̀dínwó tí ó tọ́ sí i, ju kí á fi iye èké sí ilé rẹ̀ lórí lọ. Iye èké tí ó dáàbò bò ó ni yóò dáàbò bo olówó tí ó kọ́ ilé alájà mẹ́wàá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí a máa tún ìdíyelé ṣe ní àsìkò tí gbogbo ènìyàn mọ̀, kí a kọ ọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìdá nínú ìwé tí onílé ń gbà, kí ìgbìmọ̀ tí ó dá dúró sì wà tí yóò gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí ìdíyelé kò tẹ́ lọ́rùn. Àwọn ìlú tí a yẹ̀ wò kò ṣe aláìmọ èyí. Wọ́n kàn fi í sílẹ̀ de ọ̀la ni, títí tí ọ̀la fi dé bá wọn.